Bizet Wọ Ìlú Kétu

                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìjọsìn Àgùdà,
                                                  Idigny, Kétu,
                                                  Orílẹ̀-èdè Benin.
                                                  Ọjọ́ Ajé, 9 Òkúdù, 2025.

Ìyá Ọmọlará, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ pín àga kan jókòó ní ilé ẹ̀kọ́,

Ẹ kú ọdún Iléyá o, ẹ kú ìyèdún! Mo mọ̀ pé ẹran ṣì wà nínú ìkòkò nílé yín ní Porto-Novo, mo sì mọ̀ pé ìwọ náà ni o dúró ti iná tí èéfín ń pọ́n lójú. Báwo ni Bàbá Ọmọlará? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún nígbà tí mo wá kí yín ti fi í sílẹ̀? Bá mi sọ fún un pé kí ó yé máa gbé páálí ọjà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọmọ ogún ọdún mọ́. Ọmọlará ńkọ́? Ìdánwò bẹ́pẹ́sẹ́ rẹ̀ ti dé tán, má jẹ́ kí ó máa tẹ fóònù pọ́tábù títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú o. Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń gbé wọn dé mọ́ṣáláṣí? Ọjà Ouando ńkọ́, ṣé àwọn obìnrin ṣì ń já irun wíìgì gbà lọ́wọ́ rẹ bí ti àtẹ̀yìnwá?

Èmi náà wà, ara mi le koko. Òjò ń rọ̀ dáadáa fún wa lókè Kétu níbí. Àgbàdo tí mo gbìn sí ẹ̀yìnkùlé ti gùn dé orúnkún mi, Élodie ọmọ mi sì ti ga débi pé yẹ̀rì ilé ẹ̀kọ́ tí a rán fún un ní oṣù kẹwàá ti di péńpé. Òní ni ọjọ́ kejì Pẹ́ńtíkọ́sì, kò sí iṣẹ́, ni mo ṣe ráyè jókòó. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, o ò ní jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ìdajì kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú lẹ́tà, èmi nìkan ni n óò sọ̀rọ̀.

Moutiatou, wá gúnyán! O gbọ́ mi? Mo ní wá gúnyán! Ṣé o rántí ohun tí o fi ẹnu ara rẹ sọ ní oṣù kẹta, nígbà tí mo pè ọ́ pé wọ́n ti mú ìbò fún ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama agbègbè Kétu? Wọ́n ní kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fi eré àti orin ṣe ìtàn ìgbésí ayé olórin kan tó ti kú tipẹ́, kí wọ́n sì fi han aráyé ohun tí ẹni náà fi sílẹ̀. Àwọn kan mú olórin Jámánì, àwọn kan mú ti Ítálì. Àwa ará Idigny nawọ́ sínú igbá, a mú Georges Bizet, Faransé tó ń kọ ọ́pẹrà. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ọ pé ọ́pẹrà jẹ́ eré tí wọ́n ti ń fi orin kí ara wọn, tí wọ́n ń fi orin jà, tí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ pàápàá yóò ṣì kọrin díẹ̀ kí ó tó kú, o rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé ọ. O ní bí àwọn ọmọ oko Idigny bá lè kọ irú ìyẹn ní Kétu, tí àwọn ará Kétu kò sì dìde lọ sílé wọn láàárín rẹ̀, ìwọ yóò wá sí ilé mi, wàá dá gún iyán fún gbogbo ilé.

Ó dáa. Àwọn ará Kétu kò dìde. Nínú ilé ẹ̀kọ́ méje, àwa la ṣe ipò kìíní, àwa la sì ń bọ̀ wá ṣe é ní Porto-Novo lójú ìwọ gan-an ní oṣù kẹjọ. Nítorí náà, máa fọ ọwọ́ rẹ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n má rò pé ó rọrùn. Díẹ̀ báyìí ló kù kí gbogbo rẹ̀ bà jẹ́, èmi yìí ni ì bá sì bà á jẹ́, èmi ọmọ bíbí Kétu tó yẹ kí n mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọkùnrin náà mọ̀ ọ́, torí ó kàn ọ́. Bàbá Bizet yìí, kí ó tó di olùkọ́ orin, iṣẹ́ irun ló ń ṣe! Ó ń gẹ irun fún àwọn èèyàn, ó sì ń ṣe wíìgì. Ìgbà tí mo kà á nínú ìwé, ìwọ ni mo rántí, mo sì dá rẹ́rìn-ín nínú ilé. Wọ́n ní tí bàbá bá ń kọ́ àwọn èèyàn lórin nínú yàrá, ọmọ kékeré yìí yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà níta, yóò máa gbọ́, yóò sì mọ orin náà sórí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ orin tó ga jù ní Párísì. Ó gba ẹ̀bùn ńlá, ó lọ gbé ní Róòmù, ó padà dé, ó gbéyàwó, ó bí ọmọkùnrin kan. Ṣùgbọ́n owó tí yóò jẹ kì í tó o, iṣẹ́ títún orin àwọn ẹlòmíràn tẹ̀ ló fi ń gbọ́ bùkátà. Nígbà tó wá kọ ọ́pẹrà tó tóbi jù, tí wọ́n gbé e jáde ní oṣù kẹta ọdún 1875, àwọn oníwèé ìròyìn bẹnu àtẹ́ lù ú. Wọ́n ní ọmọbìnrin inú rẹ̀ kò níwà, wọ́n ní orin rẹ̀ kò lórí kò nídìí. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Kò mọ̀ títí ó fi lọ pé ọ́pẹrà yẹn gan-an ni gbogbo ayé yóò máa kọ títí di òní. Ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí ni ó pé àádọ́jọ ọdún tó ti kú.

O rí i pé ìtàn tó dùn ún ṣe eré ni. Mo jókòó, mo kọ ọ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Faransé díẹ̀, Yorùbá Nàgó tiwa púpọ̀. Séidou, ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́ ìtàn tó jẹ́ ọmọ Idigny, bá mi to àwọn ọmọ. A ní ọmọ mẹ́rin tó ń fun kàkàkí nínú fáńfà, ẹgbẹ́ onífèrè tí wọ́n máa ń pè síbi òkú àgbà. Lékè gbogbo rẹ̀, a ní Aurore.

O kò tíì mọ Aurore. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n tí ó bá la ẹnu sí orin, ìwọ fúnra rẹ yóò gbé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ ló ń gbé. Bàbá Akíndé ni wọ́n ń pe bàbá àgbà náà, àgbẹ̀ ni, ọgbọ̀n ọdún ló sì fi jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin ní ilé ìjọsìn wa kí ó tó fi í sílẹ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún mẹ́rin ní Idigny, n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí tó fi fi í sílẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ orí ni.

Ní ọjọ́ mẹ́wàá sí ìdíje, mo bẹ Bàbá Akíndé kí wọ́n wá bá wa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ bóyá ó dọ́gba. Wọ́n wá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n gbé fìlà lé orúnkún, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí àwọn ọmọ ṣe ibi tí Bizet kékeré ń fetí lélẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. A wá dé ibi ìsìnkú. Moutiatou, gbọ́ ohun tí mo ṣe. Nítorí pé mo fẹ́ kí eré náà parí tayọ̀tayọ̀, mo ní kí fáńfà bú sókè, kí àwọn ọmọ gbé pósí jó bí a ṣe ń gbé òkú arúgbó jó ní Idigny níbí, kí ọmọ tó ṣe bàbá Bizet sì síwájú wọn, kí ó máa dá orin, kí ó máa ju apá!

Bàbá Akíndé na ọwọ́ sókè. Kàkàkí dákẹ́.

"Madáàmù," ni wọ́n wí, "ṣé bàbá ọmọ yìí wà láyé nígbà tó kú?"

Mo dáhùn bí ẹni tó mọ ìwé pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó tún lo ọdún mọ́kànlá láyé lẹ́yìn rẹ̀."

"Ọdún mọ́kànlá," ni wọ́n tún sọ. Wọ́n dìde, wọ́n dé fìlà. "Ẹni tó fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ láyé ni ẹ̀ ń lu fáńfà fún? Ẹ tún ní kí bàbá náà ó máa jó? Ta ló kọ́ yín ní èyí? Aurore, gbé báàgì rẹ, jẹ́ ká lọ."

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Ọmọ náà kò wẹ̀yìn. Èmi dúró síbẹ̀, ilẹ̀ kò lanu kí n wọlé. Òkú ọ̀fọ̀, Moutiatou! Ọmọ kékeré wa wo ni kò mọ̀ pé a kì í lu ìlù, a kì í jó, a kì í ṣe àríyá fún ẹni tó kú ṣáájú òbí rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ará Idigny ló kú bẹ́ẹ̀, ṣé mo jẹ́ dán an wò? Ṣùgbọ́n nítorí pé òyìnbó ni, nítorí pé inú ìwé ló wà, mo gbàgbé pé ọmọ ẹnìkan ni òun náà. Ojú tì mí gan-an.

Séidou ló wá sọ ìyókù fún mi bí a ṣe ń rìn lọ sílé. Bàbá Aurore, Gaston ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń tẹ hámóníọ́mù ní ilé ìjọsìn, òun ló sì ń fi Nàgó kọ àwọn orin tí ẹgbẹ́ akọrin ń kọ. Séidou tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ní òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun máa ń dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú láti gbọ́ ọ, pé àwọn èèyàn máa ń ti Adakplamè wá nítorí orin yẹn nìkan. Ìgbà tó ń ti Adakplamè bọ̀ lórí alùpùpù nínú ọyẹ́ ni ó kú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, Aurore jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Akíndé fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, wọ́n ti hámóníọ́mù pa, wọ́n gba ìwé kàyé tí Gaston kọ orin sí, wọ́n gbé e wọlé. Kò sẹ́ni tó fòfin dè é, ṣùgbọ́n kò sí ará Idigny kankan tó tún kọ ọ̀kan nínú àwọn orin náà létí bàbá. Wọn kì í tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. "Bàbá Aurore" ni gbogbo ìlú ń pè é.

O lè mọ bí oorun mi ṣe rí. Èmi àti Séidou lọ bẹ bàbá ní ọjọ́ kejì. Wọ́n fún wa lómi, wọ́n bó ọsàn fún wa, wọ́n bi wá léèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wa. Wọn kò bínú mọ́. Mo sọ fún wọn pé mo ti yọ fáńfà kúrò níbi ìsìnkú. Wọ́n ní ìyẹn dára, wọ́n sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dárúkọ Aurore, wọ́n ní rárá. Wọ́n ní kí ni ọmọ náà yóò tún wá kọ nínú ìtàn ọmọ tó kú mọ́ bàbá lójú? Pé kí n jọ̀wọ́ kí n wá ẹlòmíràn. Aurore wà nídìí ògiri, ó ń gbọ́ wa. N kò rí ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí.

Wíwá ẹlòmíràn kò ṣòro, ṣùgbọ́n ohùn tí yóò gbé e ni kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ ìdíje mọ́ lọ́kàn mi. Ohun tó ń jẹ mí níyà ni pé ọmọ tó ní irú ohùn yẹn ń gbé nínú ilé tí orin bàbá rẹ̀ ti wà ní títì pa, àti pé èmi ni mo wá lọ fi eré òṣì mi tẹ ojú egbò náà. Mo bá tún gbé ìwé Bizet, mo ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá n óò rí ibi tí mo lè fi parí eré náà láìsí ìsìnkú. Ojú ewé tó kẹ́yìn pátápátá, èyí tí n kò kà rí torí mo rò pé àkójọ ọjọ́ lásán ni, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Mo pariwo débi pé Élodie sáré wọlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, n kò tilẹ̀ dúró de Séidou. Mo gun ọ̀kadà zẹ́mì lọ sí oko Bàbá Akíndé. Wọ́n ń fa koríko kúrò lórí ebè iṣu. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, mo ní Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan, lẹ́yìn èyí n kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́. Mo wá sọ fún wọn pé nígbà tí Bizet jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó jókòó, ó kọ orin gígùn kan fún àwọn onílù àti onífèrè púpọ̀, ó sì fi í pamọ́. Kò jẹ́ kí wọ́n lù ú níta rí. Ó dàgbà, ó kú, orin náà wà nínú ìwé.

Bàbá kò dá iṣẹ́ dúró. "Ta ló wá tọ́jú ìwé náà?"

Mo ní ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló wà, pé ìyàwó kó o fún ọ̀rẹ́ kan pẹ̀lú àwọn ìwé rẹ̀ yòókù, ọ̀rẹ́ náà sì fi í sí ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ orin. Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti ṣí i. Láti ọjọ́ tó ti kọ ọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lù ú sétí àwọn èèyàn, ọgọ́rin ọdún gééré.

"Ọgọ́rin," ni bàbá wí. Wọ́n nà sókè, wọ́n fi ọwọ́ ti ìbàdí. "Ọjọ́ tí wọ́n lù ú yẹn, ṣé òkú ni wọ́n ń ṣe?"

"Rárá, Bàbá. Òkú ti lọ tipẹ́. Orin náà ni wọ́n ń gbọ́. Inú gbogbo èèyàn ń dùn ni."

Wọ́n wá bèèrè ohun tí n kò rò pé wọn yóò bèèrè. "Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó gbọ́ ọ?"

Mo ní, "Kò gbọ́ ọ, Bàbá. Ó ti kú ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó lù ú."

"Bàbá rẹ̀ kò gbọ́ ọ," ni wọ́n wí. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fa koríko. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tó yá mo dìde, mo gbọn ẹrọ̀fọ̀ nù, mo lọ síbi iṣẹ́.

A tún eré náà ṣe. Ibi ikú Bizet, mo ní kí gbogbo ẹnu dákẹ́, kí ọmọ tó ṣe bàbá rẹ̀ ṣí fìlà, kí ó dúró, kí ó má ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò ṣí àpótí ilé ìkàwé, tí wọn yóò mú orin ọmọ náà jáde, kí fáńfà tó wá bú. Mo fi ọmọ mìíràn sípò Aurore. Ọmọ náà ń gbìyànjú, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó máa ń fi imú kọrin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù karùn-ún, gbọ̀ngán Kétu kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ìyá ọlọ́jà wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́jọ́ lórí wà níbẹ̀, àwọn ará Idigny tó wá lórí alùpùpù jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú eruku lára. Ó ku ẹgbẹ́ kan kí ó kàn wá nígbà tí zẹ́mì kan dúró níta. Mo wo ìta, mo rí Bàbá Akíndé nínú agbádá funfun, Aurore sì wà láàárín bàbá àti ọlọ́kadà nínú aṣọ kàkí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n lọ̀ tó dúró gbagidi. Ó di nǹkan kan mọ́ra nínú ìdì aṣọ. Mo sáré jáde lọ pàdé wọn.

Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́. Níbi ikú nìkan, kí ẹnu rẹ̀ dákẹ́."

Mo ní, "Bàbá, gbogbo wa la ó dákẹ́." Mo sì yára ṣàlàyé ibi àpótí tuntun náà fún Aurore.

Mo fẹ́ kí o wà níbẹ̀, Moutiatou! Nígbà tí bàbá Bizet jáde pẹ̀lú wíìgì lọ́wọ́ ọ̀tún àti abẹ́ lọ́wọ́ òsì, tó ń gẹ irun tó tún ń kọ́ èèyàn lórin, àwọn obìnrin Kétu rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń lu ara wọn léjìká. Nígbà tí àwọn oníwèé ìròyìn ń bú iṣẹ́ rẹ̀, ìyá kan dìde láàárín èrò, ó ní, "Ẹ ẹ́ rí i! Ẹ ẹ́ jẹ ọ̀rọ̀ yín!" Ta ni yóò dìde lọ sílé? A wá dé ibi ikú. Ọmọ tó ṣe bàbá ṣí fìlà, ó dúró. Kàkàkí kò dún, igi kò dún. Mo rí àwọn àgbà tó wà ní ìlà iwájú tí wọ́n ń ṣí fìlà tiwọn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ẹni tó sọ fún wọn. Wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbọ̀ngán tó kún bẹ́ẹ̀, o lè gbọ́ èémí èèyàn nínú rẹ̀.

Ó wá kan Aurore láti ṣí àpótí. Ìwé tí mo fi yíǹkì ya àmì orin sí ló wà nínú rẹ̀, òun ni kí ó mú jáde kí ó sì fi ohùn gbé orin Bizet tí mo kọ́ wọn. Ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́, ohun tí mo rí lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìwé mi. Kàyé aláwọ̀ búlúù kan ni, ohun tó dì mọ́ra wá láti ilé, ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òwú dúdú ni wọ́n fi dì í. Mo rò pé ó ti ṣìnà. Mo ń fọwọ́ pè é láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé pé kì í ṣe ìyẹn, kì í ṣe ìyẹn. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ó tú òwú náà, ó ṣí kàyé, ó kọrin:

"Ilẹ̀ mọ́ bá mi, mo tún rí ọ̀nà;
Ẹni tó jí mi, n ó dúpẹ́ rẹ̀."

Nàgó tiwa ni, Nàgó àárọ̀ kùtù tí a fi ń kí ara wa lọ́nà oko. N kò gbọ́ orin náà rí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí nǹkan kan ń rú lẹ́yìn gbọ̀ngán. Àwọn obìnrin Idigny ti dìde dúró, ọ̀kan gbe orin, èkejì gbè é, kí n tó mọ̀, gbogbo ìlà ẹ̀yìn ń gbè, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé pérépéré bí ìgbà tí wọ́n ti ń dúró de ẹni tí yóò dá a. Séidou dì mí lápá mú, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ní, "Ti Gaston ni. Ti Gaston ni." Àwọn ọmọ fáńfà, tí n kò kọ́ ní orin náà, wá ibi tí wọn yóò gbà wọlé, wọ́n sì rí i. Moutiatou, orí mi wú.

Bí ariwo ṣe lọ sílẹ̀, ẹ̀rù wá bà mí. Olórí àwọn onídàájọ́ gbé gbohùngbohùn, ó yọ awò ojú. Ó ní àwọn mọ orin Faransé yẹn dáadáa, pé èyí kì í ṣe tirẹ̀, ta ló ni ín? Mo ń jáde bọ̀ láti wá bẹ̀bẹ̀. Mo ti ń ro irọ́ tí n óò pa. Bàbá Akíndé sì ti dìde láàárín èrò. Wọ́n ṣí fìlà.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi ló ni ín. Gaston Akíndé ni orúkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tì í mọ́lé." Wọ́n nawọ́ sí Aurore. "Ọmọ rẹ̀ nìyẹn tó kọ ọ́. Èmi bàbá rẹ̀, mo ti gbọ́ ọ."

Onídàájọ́ náà ní òun kò ní ìbéèrè mọ́. Bí a ṣe gba ipò kìíní nìyẹn.

Ní àná, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, wọ́n ṣí hámóníọ́mù ní ilé ìjọsìn. Eku ti bímọ sínú rẹ̀, mẹ́ta nínú bọ́tìnnì rẹ̀ kò dún mọ́, síbẹ̀ orin kejì nínú kàyé náà ni wọ́n fi wọlé. Ẹni tó dúró níwájú ẹgbẹ́ akọrin tó ń juwọ́? Bàbá Akíndé ni. Orin méjìlélọ́gbọ̀n ló wà nínú kàyé. Wọ́n ti gbé e fún mi pé kí n dà á kọ, kí n ṣe é ní ẹ̀dà púpọ̀, kí n fi ọ̀kan sí ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n ní kí n yára, pé àwọn kò ní ọgọ́rin ọdún tí àwọn yóò fi dúró. Mo bá ọ bẹ̀bẹ̀, bá mi wá ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọpí dáadáa ní Porto-Novo, kí ikán má baà ṣáájú mi parí rẹ̀.

Bá mi kí Bàbá Ọmọlará, bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, fi ọwọ́ pa Ọmọlará lórí fún mi, sọ fún un pé mo ń gbàdúrà fún ìdánwò rẹ̀. Séidou ní kí n kí ọ kú ọdún. Élodie ní ẹran Iléyá tòun ńkọ́? Tí o bá ń bọ̀ wá gúnyán, má gbé ọmọ odó wá, a ní. Iṣu náà wà, Bàbá Akíndé ló kó o wá, ogún odidi, wọ́n ní ti obìnrin oníwíìgì Porto-Novo tó fi àwọn ọmọ wa ṣẹ̀sín ni.

Nígbà tí Bàbá kó iṣu náà wá lówùúrọ̀ yìí, wọ́n bi mí léèrè bóyá wọn yóò kọ orúkọ ẹni tó ni orin sínú ìwé tí wọ́n máa ń pín sẹ́nu ọ̀nà ní Porto-Novo. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò kọ Bizet, wọn yóò sì kọ Gaston Akíndé. Wọ́n ní, "Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, Madáàmù. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́."

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó jàre,
Victorine.